Ajá Kì Í Rorò Kó Ṣọ́ Ojúlé Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá kì í rorò títí kó ṣọ́ ojúlé méjì. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, agbo ilé àtijọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, níbi tí ìdílé kan ti ní ẹnu ọ̀nà kan, tí ajá sì mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọ̀nyí bá jí lónìí, tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Onípanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòròdú, tí ó sì gba inú àdúgbò lọ sí apá Ṣómólú tàbí Bàrígà, ẹnu yóò yà á. Yóò rí ilé kan ṣoṣo tí ó ní yàrá mẹ́wàá, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ìdílé mẹ́wàá sì ń gbé inú rẹ̀. Irú ilé yìí ni àwọn ará Èkó ń pè ní "féèsì-mí-àì-féèsì-yú". Ojúlé mẹ́wàá ni ajá kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ ẹ̀bá géètì ń ṣọ́. Àgbà náà yóò béèrè pé: ta ni ajá yìí mọ̀ ní olúwa rẹ̀, ta sì ni ó kà sí olè?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ìbẹ̀rù gbéwiri àti adigunjalè ti mú kí ọ̀pọ̀ onílé ní Èkó máa náwó gọbọi lórí ajá òkèèrè. Ajá tí orí rẹ̀ tóbi jù, tí ohùn rẹ̀ sì wúwo jù, ni wọ́n ń yàn, bí ẹni tí ń yan àgbò ọdún Iléyá. Wọn kì í sábà béèrè irú iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá ajá náà ń ṣe níbi tí ó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í béèrè bóyá irú ilé tí wọ́n fẹ́ mú un wọ̀ bá iṣẹ́ náà mu. Ẹ̀yìn tí ọmọ ayálégbé bá ti fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè.

AJÁ NÍNÚ ILÉ YORÙBÁ ÀTIJỌ́

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni ajá ti wọ ilé Yorùbá. Ọdẹ a máa mú un lọ sí igbó. Imú ajá ni ó fi ń tọ ipasẹ̀ ẹran, gbígbó rẹ̀ ni ó sì fi ń mọ ibi tí ẹran sá sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ògún tí ó ni irin ni ó ni ajá pẹ̀lú, nítorí ajá ni ẹran tí a mọ̀ mọ́ ọn níbi ìrúbọ, bí ó ti rí níbi ọdún Ògún ní Oǹdó. Nínú ilé, àwọn ìyá a máa pe ajá kí ó wá palẹ̀ mọ́ nígbà tí ọmọ ọwọ́ bá ṣu. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ẹnu ọ̀nà ni ó ń sùn, pẹ̀lú etí tí kì í sùn.

Orúkọ ajá pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá. Ẹni tí aládùúgbò ń ṣe níkà lè fi gbólóhùn òwe kan sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, kí ó sì máa fi ohùn rara pe ajá náà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbọ́, kò sì ní rí nǹkan kan bínú sí, nítorí ajá ni wọ́n ń pè.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ òde òní fi sọ́kàn nípa ajá àtijọ́ yìí. Kì í ṣe iṣẹ́ ìjà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ nínú ilé, iṣẹ́ ìkéde ni. Ajá yóò gbó, ọkùnrin ilé yóò jí, àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú yóò gbọ́, àwọn wọ̀nyí ni yóò sì lé olè. Ajá ni etí, ènìyàn ni ọwọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí ajá jẹ́ etí kí ó tún jẹ́ ọwọ́, tí wọ́n fẹ́ kí òun nìkan mọ olè, kí ó dájọ́ fún olè, kí ó sì fìyà jẹ olè, nígbà náà ni wàhálà dé.

ÀWỌN ÀLEJÒ LÁTI ÒKÈÈRÈ

Ajá tí ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ̀ sí Alsatian ni German Shepherd, ajá olùṣọ́ àgùntàn ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1899 ni ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Max von Stephanitz ra ajá kan tí ó wù ú, tí ó sọ ọ́ ní Horand, tí ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún irú ajá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó jà láti 1914 sí 1918, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Alsatian, nítorí pé wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jámánì sétí. Iṣẹ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ni láti máa rìn yí agbo àgùntàn ká láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí wọ́n sì máa wo ojú darandaran fún àṣẹ. Nítorí náà, ajá yìí ń fẹ́ ọ̀gá tí yóò máa pàṣẹ fún un, ó sì ń fẹ́ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Bí wọ́n bá so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé láti oṣù dé oṣù, yóò máa gbó òjìji, yóò máa yí po lójú kan, ìbẹ̀rù àti ìbínú yóò sì dàpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá káàkiri àgbáyé ń lò ó nítorí pé ó ń gbọ́ràn, kì í ṣe nítorí pé ó rorò.

Ìlú Apolda, ní Jámánì kan náà, ni Doberman ti wá. Agbowó-orí kan tí ń jẹ́ Karl Friedrich Louis Dobermann, tí ó kú ní ọdún 1894, ni wọ́n fi sọ ajá náà lórúkọ. Kò sí ẹni tí kò mọ bí inú ará ìlú ṣe ń dùn tó bí wọ́n bá rí agbowó-orí! Ọkùnrin yìí ń fẹ́ ajá tí yóò máa bá a rìn, tí yóò sì dáàbò bò ó lójú ọ̀nà. Títí di òní, ara olúwa rẹ̀ ni Doberman ń ṣọ́ ju ògiri ilé lọ. Irun rẹ̀ kúrú, nítorí náà ooru Èkó kì í dà á láàmú tó bí ó ti ń da àwọn onírun gígùn láàmú. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Nínú ilé tí ọmọdé ogún ti ń sáré, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́tùn-ún, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń dún lósì, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ òpópónà Ṣómólú, ajá tí kò kọ́ bí a ti í fara balẹ̀ lè ka gbogbo ariwo sí ogun.

Rottweiler ní tirẹ̀ jẹ́ ajá àwọn alápatà. Rottweil ni ìlú rẹ̀, níbi tí ó ti ń da màlúù lọ sí ọjà, tí ó sì ń fa ọmọlanke ẹran. Kì í sábà gbó lásán. A máa dúró, a máa wò, a sì lè jẹ́ kí àlejò sún mọ́ tòsí kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Akọ tí ó dàgbà lè wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì kan, èyí tí í ṣe kílógíráàmù 50, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá já ẹ̀wọ̀n, obìnrin tí ó gbé omi lérí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kò ní ibi tí yóò yà sí.

Boerboel wá láti Gúúsù Áfíríkà, láti oko ńláńlá tí ilé kan jìnnà sí èkejì, níbi tí àlejò kì í ti í yà lójoojúmọ́. Caucasian wá láti àwọn òkè gíga tí ó wà láàárín Òkun Dúdú àti Òkun Kásípíà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá dúró nínú òtútù lóru, kí ó sì gba àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì mọ ààlà ilẹ̀ wọn, wọn kì í sì í fẹ́ kí àjèjì kọjá ààlà náà. Ìwà yìí dára lórí òkè tí kò sí ènìyàn. Ní Onípanu ńkọ́, níbi tí alákàrà, aláṣọ òkírìkà, ẹni tí ń wá wo mítà iná àti àna ìyàwó ayálégbé ti ń wọlé, tí wọ́n ń jáde, láti àárọ̀ dé alẹ́? Yàtọ̀ sí èyí, irun Caucasian nípọn bí ẹní tìmùtìmù. Yìnyín ni Ẹlẹ́dàá fi irun náà dá a lóhùn. Ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní Èkó ìyà ni fún un.

Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni kékeré tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tí í ṣe Lhasa Apso. Kò ju kílógíráàmù mẹ́jọ lọ, irun rẹ̀ sì bo ojú rẹ̀ bí ìbòjú egúngún. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Tibet, ní ilé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, iṣẹ́ olùṣọ́ ni ó ń ṣe. Ajá ńlá ni wọ́n ń so sí ìta, ajá kékeré yìí ni ó ń wà nínú ilé. Etí rẹ̀ mú ju ti ajá ńlá lọ. Bí àjèjì bá kọjá ti ajá ìta, òun ni ó ń fi gbígbó jí àwọn onílé. Àwọn ará Tibet mọ̀ pé ajá kan kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Wọ́n pín etí sọ́tọ̀, wọ́n sì pín ọwọ́ sọ́tọ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá, òwe ojúlé méjì kò ṣàjèjì sí wọn.

AJÁ ÌBÍLẸ̀ TÍ WỌ́N Ń FOJÚ TẸ́ŃBẸ́LÚ

Ajá ìbílẹ̀, tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní "ekuke", kì í wọ ìdíje ẹwà. Irun rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ìrù rẹ̀ sì ká sókè. Oúnjẹ díẹ̀ ni ó ń jẹ. Eégbọn tí ń fi kòkòrò àìfojúrí sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, tí ó sì ń pa ọ̀pọ̀ ajá òkèèrè láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dé, kì í tètè rí ti ajá ìbílẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ jíìnì àwọn ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà wò, tí ti Nàìjíríà wà lára wọn, ṣàlàyé pé àwọn rí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní ADGRE1, tí ó jọ pé ó ń ran àwọn ajá wọ̀nyí lọ́wọ́ láti dojú kọ àrùn ilẹ̀ olóoru. Ohun tí àwọn ọdẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ wò yìí.

Ní ti ìṣọ́, orun ajá ìbílẹ̀ fúyẹ́. Bí ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ bá tẹ ilẹ̀, yóò gbó. Kì í sábà dúró kojú ọ̀bẹ tàbí òkò. Yóò sún sẹ́yìn, yóò sì máa gbó lọ. Àwọn kan ka èyí sí ojo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sùn ní Onípanu mọ ohun tí ó ń tẹ̀ lé e: ajá ilé kejì yóò gbè é, ti ilé kẹta yóò dá a lóhùn, láìpẹ́ gbogbo òpópónà yóò ti jí. Olè kì í bẹ̀rù eyín tó bí ó ti ń bẹ̀rù pé kí iná yàrá mẹ́wàá tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ilé tí ojúlé rẹ̀ pọ̀, ajá tí ó ń jí gbogbo ènìyàn wúlò ju ajá tí ó ń gbèjà ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Àléébù kò ṣàìwà. Ajá ìbílẹ̀ a máa rìn kiri. A máa tú ààtàn. Ẹni tí ó bá sì fi ẹran tàn án léraléra lè sọ ọ́ di ọ̀rẹ́. Púpọ̀ nínú àléébù yìí ni ó ti ọwọ́ olówó ajá wá, nítorí ẹni tí kò bọ́ ajá rẹ̀ kò lè sọ pé kó má rìn.

ÌRAN NÌKAN KỌ́ NI ÌWÀ

Ǹjẹ́ ó wá jẹ́ pé irú ajá nìkan ni ó ń sọ ìwà? Rárá o. Ní oṣù Igbe ọdún 2022, ìwé ìròyìn ìmọ̀ Science gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lórí ajá tí ó lé ní 18,000, tí wọ́n sì yẹ jíìnì ajá tí ó lé ní 2,000 wò. Wọ́n rí i pé irú ajá kò sọ ju nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwà ajá kan àti òmíràn. Ìgbọ́ràn sí àṣẹ ni ó tẹ̀ lé ìran jù. Ní ti kí ajá tètè bínú, ìran kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan. Ọ̀tọ̀ ni Rottweiler tí ó tutù bí omi àmù, ọ̀tọ̀ sì ni ekuke tí ń gé ọmọ olówó rẹ̀ jẹ.

Ṣáájú èyí ni John Paul Scott àti John Fuller ti gbé ìwé wọn jáde ní ọdún 1965, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń wo ọmọ ajá. Wọ́n fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí ni ọmọ ajá ń kọ́ ẹni tí í ṣe ènìyàn rẹ̀. Ọmọ ajá tí ó bá rí ọmọdé, àgbà àti àlejò ní àkókò yìí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ rere kàn án, kò ní ka gbogbo ojú tuntun sí ọ̀tá. Èyí tí wọ́n bá sé mọ́ inú àgò títí tí ó fi di oṣù mẹ́rin, inú ìbẹ̀rù ni yóò dàgbà sí, ìbẹ̀rù ni ó sì ń bí ìgéjẹ. Yorùbá ti sọ ọ́: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ajá tí a kò kọ́ pẹ̀lú lè lé gbogbo ẹni tí ń san owó ilé jáde.

"AJÁ MI KÌ Í GÉ ÈNÌYÀN JẸ"

Ọ̀rọ̀ yìí ni olówó ajá máa ń sọ jù. Ìyá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní ìdájí, ó di ọmọ mú lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé níbi tí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ wà. "Bàbá onílé, ẹ dákun, ẹ bá wa di ajá mú, ọmọ fẹ́ lọ yàgbẹ́." Bàbá onílé yóò dáhùn láti inú ilé pé, "Ẹ máa kọjá, Ìyá Sùlé, ajá mi kì í gé ènìyàn jẹ." Òtítọ́ ni bàbá sọ: ajá rẹ̀ kì í gé òun jẹ, nítorí òun ni ó ń bọ́ ọ. Ojúlé bàbá ni ajá mọ̀. Ojúlé mẹ́sàn-án yòókù, àjèjì ni wọ́n lójú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ibí ni òwe àwọn àgbà ti ṣẹ.

Egbò nìkan kọ́ ni ewu. Àrùn dìgbòlugi wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ni ó sì ń kó o ran ènìyàn nígbà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí ẹran tí wọ́n fura sí gé jẹ, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà láti ìgbà tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ lò ó fún ọmọkùnrin kan ní ọdún 1885. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko tí ó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí ó ti wà láti ọdún 1924, ń ṣe ti ajá níbí ní Nàìjíríà. Ajá tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta yẹ kí ó gbà á, kí wọ́n sì máa tún un gbà bí dókítà ẹranko bá ti là á sílẹ̀. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ata, kì í ṣe pé kí wọ́n máa retí bóyá ajá náà yóò kú.

OHUN TÍ Ó YẸ ILÉ ÈRÒ

Onílé tí ó bá fẹ́ ajá ní irú ilé yìí, kí ó kọ́kọ́ pe àwọn ayálégbé jọ, nítorí ilé ni ó fi háyà fún wọn, kò fi ìbẹ̀rù háyà fún wọn. Kí ó yan èyí tí etí rẹ̀ mú, tí ara rẹ̀ sì kéré; ajá ìbílẹ̀ tàbí àdàlù rẹ̀ tó fún iṣẹ́ náà. Kí wọ́n mú un wá ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ọwọ́ tí ń bọ́ ọ má sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Lónìí yàrá kìíní, lọ́la yàrá kejì, títí yóò fi mọ òórùn gbogbo ilé. Kí a tú u sílẹ̀ rìn díẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹni tí ń mú un. Kí a kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun, a kì í sì í sáré fún un. Ẹni tí ó bá ní ọgbà gbígbòòrò tí ó sì dá gbé, tí ó ní owó oúnjẹ àti àkókò ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kó má sin Rottweiler tàbí Boerboel.

Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé oníyàrá mẹ́wàá yóò tún di agbo ilé lójú ajá. Kò ní í jẹ́ ojúlé mẹ́wàá mọ́, ojúlé kan ni yóò jẹ́. Ìgbà náà ni ajá, bí kò tilẹ̀ rorò, yóò lè ṣọ́ ọ, tí ọmọ Ìyá Sùlé yóò sì lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ìdájí láìsí pé ẹnikẹ́ni di ajá mú.